Àtíkè Inú Agolo Shukrie

Ọmọkùnrin Nefize kú ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ oṣù méje ni. Ibà kò mú un, kò já bọ́ níbì kankan. Ó kàn kọ ọyàn, ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì lọ. Kí wọ́n tó sin ín tán, gbogbo abúlé ti mọ ẹni tó pa á. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín.

Zaide ni. Opó ni, ilé rẹ̀ ló kọjú sí ilé Feim, ọkọ Nefize. Kì í fọ aṣọ nílé bíi ti gbogbo wa. Odò ló ń gbé e lọ ní ìdájí, yìnyín ì báà bo gbogbo ilẹ̀. Ẹyẹ dúdú kan sì máa ń bà sórí òrùlé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á máa wo ojúlé Feim bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Lórí òkè Ródópè tiwa níbí, bí a bá fẹ́ mú ìyàwó jáde, a máa fi ohun funfun kun ojú rẹ̀ títí ìyá tó bí i pàápàá ò fi ní dá a mọ̀. Ìyàwó á di ojú méjèèjì pa. Kò gbọdọ̀ là wọ́n títí lèmọ́mù á fi ṣàdúà, tí ọkọ á sì fi wàrà fọ ojú rẹ̀. Nefize la ojú. Eṣinṣin ló bà á ní ìpéǹpéjú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni. Ó là á fìrí, Zaide ló sì rí i lójú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà ni Shukrie, ìyá Feim, kò ti sinmi. Ó ní obìnrin yẹn ti mọ ojú ìyàwó ọmọ òun, àfi kí àwọn máa fi ojú náà pamọ́ fún un. Ó gbé agolo pupa kan jáde, àtíkè funfun tí ìyá rẹ̀ fi ń kun ìyàwó láyé ọjọ́un ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé yòókù ti ń ra ìpara funfun ní ṣọ́ọ̀bù tipẹ́. Shukrie á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní tiwọn ò wúwo, kì í pẹ́ lójú. Láràárọ̀, kí Nefize tó fún ọmọ lọ́yàn, á fi àtíkè náà kun ojú, ọrùn àti àyà rẹ̀. Bí Shukrie fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kejì tí ọmọkùnrin náà kú, wọ́n bí Remzie. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, òun náà kọ ọyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni tábà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn rà mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù," Nefize bẹ̀bẹ̀.

"Ṣebí a gbé tàkọ́kọ́ lọ? Wọ́n ní inú ló ń run ún." Shukrie ti agolo sí i. "Kun ojú ẹ, àtíkè ẹ̀ ti ń bó."

"Ọwọ́ mi ò fẹ́ gbéra mọ́, Màmá."

"Zaide ló so ó. Tèmi ńkọ́?" Shukrie na apá ọ̀tún, ọwọ́ náà wó láti ọrùn ọwọ́ bí aṣọ tútù. "Ìyá tó bí Zaide ló ṣe èyí fún mi. Mẹ́ta ni mo bí ṣáájú ọkọ ẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jẹ. Ọkọ ẹ ìbá ti lọ náà, bí kì í bá ṣe pé mo gbé e sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi lọ́jọ́ tí mo bí i."

Feim gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. "Bí Remzie bá kú," ó ní, "mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kí n tó sọná sílé obìnrin yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Shukrie àti Feim lọ sóko tábà, Nefize gbé ọmọ sọdá títì. Zaide ń da èérún bùrẹ́dì fún ẹyẹ rẹ̀. Nefize kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun. Èmi ni mo la ojú, ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Ẹ mú mi, kí ẹ fi í sílẹ̀."

"Dìde jàre. Bí mo bá ń jẹ èèyàn, ṣé ọ̀dùnkún ni màá máa jẹ láti oṣù kọkànlá?" Ó ti fẹ́ yíjú padà kó tó rí bí ọwọ́ Nefize ṣe ń yọ̀ lára ọmọ. "Na ọwọ́ ẹ sí mi." Ọwọ́ náà wó. "Ya ẹnu."

Nefize di ojú pa, ó ya ẹnu. Zaide fi àtàǹpàkò ká ètè rẹ̀ sókè. Ilà kan wà ní èrìgì rẹ̀, ó dúdú bí aró. Zaide jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ọdún méjìlá ni ọkọ mi fi ń yọ́ òjé nílé iṣẹ́ ìsàlẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ ẹ̀ wó báyìí. Ilà yìí wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó kú. Wọ́n kìlọ̀ fún àwa ìyàwó pé ká má fọ aṣọ wọn nílé, kí eruku ẹ̀ má bàa kan ọmọdé. Mi ò tíì lè jáwọ́ nínú fífọ aṣọ lódò di òní. Níbo lo ti ń rí òjé?"

"Mi ò rí òjé kankan, Ìyá."

Zaide fi ìka nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Nefize, ó fi ìka ra ohun funfun náà. "Agolo tí o ti bu èyí ńkọ́, ó wúwo?"

Nefize wo ẹnu Remzie. Gbogbo ètè ọmọ funfun.

Zaide bu omi inú garawa, ó fọ ojú àti àyà Nefize títí ó fi pọ́n. Nefize sáré lọ mú agolo. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ni wọ́n wọ̀ lọ sí ọsibítù, Zaide ló sì gbé ọmọ, torí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ò lè gbé e mọ́. Mo rí wọn. Èmi yìí ni mo sáré lọ sóko, tí mo ní àjẹ́ ti gbé ọmọ lọ.

Nígbà tí èmi, Feim àti Shukrie dé ọsibítù, dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ti ìyá àti tọmọ. Òjé ni. Inú agolo náà, òjé ni. Ó ní Remzie á yè, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí bóyá á rìn tàbí á sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Feim kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Shukrie ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dúró sójú kan, àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀.

"Àbúrò mi ló fún Feim lọ́yàn," ó ní. "Àwọn mẹ́ta yòókù, àyà tèmi ni wọ́n sùn sí."

Ó tẹ aṣọ ìnujú bọ omi ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ò lè fún un. Ó gbé e tọ Zaide lọ, ẹni tí kò kí láti ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Zaide gba aṣọ náà. "Di ojú ẹ," ó ní. Ó rọra fọ̀ ọ́, láti iwájú orí dé ọrùn, ó sì fi etí gèlè ara rẹ̀ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ní kó la ojú. Shukrie ò là á.