Fọ́tò Tí Kò Lójú

Ìpè Tíṣà àgbà fi ọjọ́ kan pẹ́.

Àárọ̀ ni. Oòrùn ń gba inú kọ́tìnnì aláwọ̀ ojú ọ̀run wọ yàrá onífọ́tò, gbogbo nǹkan sì rí bí ẹni pé ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n wà: àga, gíláàsì, àti àwọn ojú àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ sórí okùn. Ọmọbìnrin tí Àǹtí rẹ̀ sọ ní Alálàá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún fọ́tò tó ti gbó ṣe. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bá ti ya, á dí i. Bí ojú kan bá ti ṣá, á dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i, á sì máa rò ó lọ́kàn ibi tí ẹni náà ń lọ kí wọ́n tó ní kó dúró kí wọ́n yà á.

Fóònù dún.

"Ọmọ mi," Tíṣà, oníbàárà wọn, wí, "bí ẹ bá rí ímeèlì kan látọ̀dọ̀ mi, èyí tí wọ́n pè ní fọ́tò ìyá mi, ẹ má ṣí i o. Èmi kọ́ ni mo fi ránṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ni."

Alálàá wo kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀. "Sà, mo ti ṣí i lánàá."

"Háà!"

"Ìgbà wo lẹ̀yin mọ̀, sà?"

"Àná náà ni, láàárọ̀. Ojú ló tì mí. Odidi èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún sọ fáwọn ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n ka ìbéèrè dáadáa kí wọ́n tó dáhùn!"

Orúkọ yẹn, fọ́tò ìyá mi, ló fa Alálàá lánàá. Kó tó tẹ̀ ẹ́ ló ti ń rí ìyá náà lọ́kàn rẹ̀, tó fọwọ́ bo oòrùn lójú, tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú kankan kò yọ. Kọ̀ǹpútà kàn ṣẹ́jú, ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà ì bá ti pariwo, ṣùgbọ́n Alálàá ti pa á láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí ó ní ó ń fa iṣẹ́ òun sẹ́yìn.

Àǹtí, tó ni ilé iṣẹ́ náà, ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Bàbá Rọra làwọn èèyàn ń pè é, torí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi "rọra" sí i.

"Rọra," ó wí bó ṣe ń wọlé. "Kọ́kọ́ yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì. Má tíì ki fíláàṣì kankan bọ̀ ọ́."

Alálàá yọ wáyà náà. Bàbá Rọra wá orúkọ fáìlì yẹn jáde láìṣí i. "Ìparí orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yín ń fi pamọ́. Mo ti ní kó fi hàn. Lẹ́tà mẹ́ta wo ló gbẹ̀yìn?"

"E-x-e, sà."

"Fọ́tò kì í parí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò á parí sí j-p-g tàbí p-n-g. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lèyí, aṣọ fọ́tò ló wọ̀. Ìwọ wá ń wá ojú lára ohun tí kò lójú."

"Ọmọ yìí á wá ojú lára ògiri, Bàbá," ni Àǹtí wí.

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń wọ́ láti àná?" Bàbá Rọra bi Alálàá.

"Ó ń wọ́, sà. Ó sì ń kùn ṣáá. Mo rò pé ooru ló mú un."

Bàbá Rọra fi fíláàṣì tirẹ̀, tí áńtífáírọ́ọ̀sì tuntun wà nínú rẹ̀, tan kọ̀ǹpútà náà, ó sì ní kó yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò. Wọ́n jókòó tì í. Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ó rí fáírọ́ọ̀sì mẹ́ta, ó pa wọ́n rẹ́. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, kò rí nǹkan mọ́. Bàbá Rọra wá gba fóònù Àǹtí, èyí tí fáírọ́ọ̀sì kò dé, kó lè fi yí páásíwọọ̀dù ímeèlì padà. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti le.

"Ẹ rọra gbọ́ o. Nǹkan yìí ti fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà yín láàárọ̀ yìí, lórúkọ yín. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, fọ́tò yín ti ṣetán."

"Kí ló máa ṣe fún ẹni tó bá ṣí i, sà?"

"Á jí páásíwọọ̀dù. Ẹ̀yin tètè pè mí ni. Tó bá pẹ́ sí i, á máa ba fáìlì jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Alálàá gbójú sókè wo okùn. Ojú ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀, èyí tó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tún ṣe fún ìyá rẹ̀, ìyá aránṣọ kan. Ọmọ náà ti kú. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ yòókù, inú kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà. Ojoojúmọ́ sì ni ìyá náà ń retí ímeèlì wọn.

"Ẹ jẹ́ ká fẹnu mọ́ ọn," Àǹtí wí. "Tiwa ti mọ́. Tá a bá sọ ọ́ síta, ta ni yóò tún gbé fọ́tò wá fún wa?"

"Bí Tíṣà náà ṣe rò ó lánàá nìyẹn, Àǹtí."

"Alálàá! Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

Ó ti ń dún lápá kejì. Ìyá aránṣọ gbé e, ohùn rẹ̀ ń dán. "Ọmọ mi! Mo rí i pé ẹ ti fi ọmọ mi ránṣẹ́. Mo ní kí n nu ọwọ́ mi kí n tó ṣí i ni."

"Ẹ má ṣí i, Mà. Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ọmọ yín. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ pa á rẹ́ báyìí. Látòní lọ, ohunkóhun tó bá bá ímeèlì wá, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ni orúkọ náà kẹ́ ẹ tó ṣí i, ì báà jẹ́ èmi. Ẹ ka orúkọ fáìlì dópin, kẹ́ ẹ má sì pa áńtífáírọ́ọ̀sì yín láé."

"Ta ló ṣe irú èyí?"

Àǹtí ń mi orí sí i. Alálàá wo ọmọ orí okùn náà.

"Èmi ni, Mà. Èmi ni mo pa áńtífáírọ́ọ̀sì tiwa, èmi ni mo sì ṣí ohun tí kò yẹ kí n ṣí. Ojú ọmọ yín gan-an wà níbí, mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e wá fún yín lọ́sàn-án yìí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Màá pe gbogbo àwọn tó kù pẹ̀lú kílẹ̀ tó ṣú, màá sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé èmi ni."