Ọjọ́ Tí Mo Tò fún Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́rìnlá

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú rẹ̀. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, mo ti jókòó sí ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, mo ń pe àwọn onílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ mi ni láti máa to ọjọ́ fún àwọn tó ń yẹ asibẹ́sítọ́ọ̀sì wò nínú ilé ìtajà, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ páànù àti àjà ilé láyé àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún òrùlé tàbí àjà ilé àtijọ́ ṣe á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa, torí pé tí eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, àtijáde rẹ̀ di ìṣòro. Ó lè tó ogún ọdún kí àìsàn rẹ̀ tó yọjú. Èmi ni mo máa ń bá onílé sọ ọ́ pé ọjọ́ wo ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ ìjókòó lásán ni. Kí wọ́n wá bá mi jókòó lọ́jọ́ kan ná.

Ẹni tó gbé fóònù láàárọ̀ yẹn ní Akínrẹ̀mí lòun ń jẹ́. Ó ní ìyá òun ló ni ilé náà, ní Ìtòkú, pé òun ti wà nínú ọkọ̀ lọ́nà Èkó níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo fún un ní Ọjọ́bọ̀, ó gbà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ní kí n sún un síwájú. Mo sún un. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ní kí n sún un. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, inú bí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá yẹ ilé yín wò ni àbí ẹ ò fẹ́?"

Ó ní, "Mo fẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí lẹ tún máa pè mí fún?"

Èmi tí ẹnu mi kì í dilẹ̀, mo kàn pa fóònù. Ní Sátidé, ó wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́fà nínú ọ̀rá, ó ní ìtanràn ọjọ́ tí òun sún ni. Mo jẹ mẹ́rin lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ebi ń pa mí.

Kí oṣù méjì tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wá lára. Mọ́níkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè mí, ṣùgbọ́n tí òun bá pè é, tó fi "mi" sí i, ara mi a máa rọ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó. Ìyá náà, tí gbogbo Ìtòkú ń pè ní Màmá Onílé, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Owó aró àti àdìrẹ ló fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, obìnrin aládìrẹ mẹ́rìnlá ló sì háyà ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Màmá ní ó dáa, kí iṣẹ́ àjà tó ṣì wà nílẹ̀ parí ná, lẹ́yìn náà kó mú ọmọ náà wá kí òun.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Òfin wa ni pé kí onílé má jẹ́ kí ìgbálẹ̀ kan àjà kí àwọn tó ń yẹ ilé wò tó dé. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo onílé, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Ṣùgbọ́n ìyá àfẹ́sọ́nà mi rèé, tí mi ò tíì fojú kàn rí. Ta ni èmi tí mo fẹ́ máa pàṣẹ fún un? Mo kúnlẹ̀ sídìí fóònù bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, mo ní, "Àwọn èèyàn wa ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, Mà. Ẹ má ṣe wàhálà kankan o."

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, àlejò tó bá ní kí ẹ má ṣe wàhálà, òun gan-an lẹ máa ṣe wàhálà fún. Màmá pe àwọn ayálégbé jọ. Wọ́n so ìgbálẹ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbá àjà ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, wọ́n fi kànrìnkàn gbo ó títí ó fi funfun. Nígbà tí àwọn èèyàn wa dé, eruku ti bo gbogbo àdìrẹ tó wà lórí igbá. Sàlàhúdíìnì, olórí wọn, kò tiẹ̀ wọlé. Ó ní eruku ọjọ́ kan kò tó ìpayà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi kún un. Ó lé gbogbo wọn síta, ó ti ilé pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn yóò fi nù ún. Iléyá sì ku ọjọ́ méjìlá, ìgbà tí aládìrẹ ń retí láti ọdún dé ọdún.

Akínrẹ̀mí pè mí nírọ̀lẹ́. Ó ní Màmá ti búra pé ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù òun pa kò ní wọ ilé òun.

"Jẹ́ kí n sọ pé o ti sọ òfin ìgbálẹ̀ fún mi, pé èmi ni mo gbàgbé," ó ní.

Kí n sòótọ́, ọkàn mi fẹ́ gbà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá pàdánù rẹ̀.

"Rárá, olólùfẹ́ mi. Tí irọ́ bá mú mi wọlé yín, kí ló máa mú mi dúró níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ìtòkú. Màmá jókòó sí iwájú ilé, àwọn obìnrin náà yí i ká. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, pé ẹ̀rù ló jẹ́ kí n fi òfin náà pamọ́.

Màmá ní, "Torí kí n má bàa bínú sí ẹ, o jẹ́ kí n mí eruku?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Alhaja Làtífátù, tó ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, pòṣé. Màmá ní ẹ̀bẹ̀ kì í ṣí ilẹ̀kùn, pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe?

Ọjọ́ títò nìkan ni mo mọ̀. Mo yọ ìwé, mo bi obìnrin kọ̀ọ̀kan léèrè ọjọ́ tí oníbàárà rẹ̀ máa ń wá. Mo bá àwọn onílé méjì mìíràn sọ̀rọ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ wọn fún wa, wọ́n gbà, a sì fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn òṣìṣẹ́ kún tiwa. Mo wá lọ bá Sàlàhúdíìnì pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ síta: kí wọ́n fi rọ́bà dí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi omi nù ún, kí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò, èyí tó bá ti mọ́ kó ṣí. Ó ní orí mi ò pé. Nígbà tó ka ìwé náà tán, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́, Màmá gbé àga rẹ̀ kọjá okùn tí a ta láti dá àwọn èèyàn dúró, ó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mi ò kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá okùn yìí."

Màmá dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó padà sẹ́yìn okùn. Lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni a ṣí ṣọ́ọ̀bù tó gbẹ̀yìn. Àwọn oníbàárà ọdún ti kún ojú ọ̀nà, Alhaja Làtífátù fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Inú mi dùn títí omi fi bọ́ lójú mi. Màmá pe ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Akínrẹ̀mí, ọmọ tó lè lé mi dìde nídìí ilé tí mo fi ọwọ́ mi kọ́, kí n má bàa kó àìsàn, òun ni mo fẹ́ kó máa bá ẹ gbélé. Mo kó ìbúra mi jẹ."

Akínrẹ̀mí gbé mi sókè ní àárín Ìtòkú. Mo lù ú lẹ́yìn pé kó sọ̀ mí kalẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lù ú dáadáa.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi ní Ìtòrì. Bàbá mi ní ká ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá. Àbúrò Màmá ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n fà á títí Màmá fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ pe ìyàwó mi, kó wá mú ọjọ́. Èyí tó bá mú ni mo gbà."

Mo jáde wá, mo kúnlẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní Sátidé kejì oṣù Kẹjọ, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ dé.

Nígbà tí Sátidé náà kò, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni Màmá Onílé ti wà ní ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti àwọn ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.