Ìtọ̀ Ṣúgà Ò Ní Kí Bàbá Abẹ́rẹ́ Má Gun Àtẹ̀gùn

Kò sẹ́ni tó ń gba àdúgbò yẹn kọjá láàárọ̀ tí kì í gbọ́ ìró máṣíìnì Bàbá Abẹ́rẹ́ kó tó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi wé télọ̀ kankan o! Tó o bá sanra, aṣọ tó bá rán fún ẹ á bá ẹ parọ́ fún gbogbo ayé pé o ò sanra. Ó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn biribiri, kó sì tún máa bá onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù láìgbójú sókè.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a fínra: ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé. Ó ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ti kọ ṣúgà inú tíì sílẹ̀. Àmọ́ tí dókítà bá ti mẹ́nu ba eré ìdárayá, ẹ̀rín ló máa ń rín.

“Dókítà, ṣé ẹ mọ̀ pé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò? Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ yìí, ká ní kẹ̀kẹ́ ni, mi ò bá ti yí ayé po lẹ́ẹ̀méje! Eré ìdárayá wo ló tún kù?”

Bẹ́ẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló ń mì. Ìdí rẹ̀ kì í kúrò lórí àga. Ó jókòó débi pé tó bá dìde, àga á fẹ́ tẹ̀ lé e lọ sílé.

Ọjọ́ tó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ilé alájà mẹ́rin ni ọmọ náà ń gbé, òkè pátápátá ló sì wà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga bí ìgbà téèyàn ń lọ kí òṣùpá nílé. Bàbá Abẹ́rẹ́ gun ti àkọ́kọ́, èémí rẹ̀ ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yí padà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló gòkè, òun wá dúró sínú àgbàlá nísàlẹ̀, ó ń wòkè bí ẹni tó ń retí òjò.

Ọmọ rẹ̀ gbé jòjòló náà mọ́ àyà, ó jáde sí bákónì. “Dádì, ẹ wò ó! Imú yín ló gbé wá sáyé!”

“Imú wo ni mo fẹ́ rí níbi tí mo wà yìí? Ìdì aṣọ funfun ni mò ń wò! Ṣé ọmọ ni àbí ìrọ̀rí lẹ sọ lórúkọ?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń padà sílé, ó ń fọwọ́ kan àpò rẹ̀ ṣáá. Fìlà kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọmọ náà. Ó ti kọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ bá òun mú un gòkè. Ó ní òun fúnra òun lòun máa dé e fún un.

“Orí ọmọ ń dàgbà o, Dádì,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Fìlà ò sì ń dàgbà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Kó tó sùn, ó ti gbèrò.

“Ṣé oògùn ń mú ṣúgà wálẹ̀? Ó ń mú un wálẹ̀. Ṣé ebi náà ń mú un wálẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé eré sísá ń mú un wálẹ̀? Dókítà ló sọ ọ́. Tí mo bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ló kù nínú àìsàn?”

“Ẹ̀yin náà lẹ ò ní kù,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ìyàwó rò pé ọkọ òun ń ṣàwàdà ni. Kí ìyàwó tó jáde ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Bàbá Abẹ́rẹ́ ti gbé oògùn mì, kò fẹnu kan nǹkan kan, ó sì ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bọ́ọ̀lù tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bàtà náà fún débi pé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń bára wọn jà nínú rẹ̀. Ó bẹ́ sójú títì bí òkò! Adìẹ sá. Kẹ̀kẹ́ yà fún un. Onígbàjámọ̀ búra pé atẹ́gùn eré ọ̀hún ló ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun.

Kó tó dé ìyànà, eré ti tán. Òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó di òpó iná mú bí ẹni tó fẹ́ bá a jó.

Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ó ń bọ̀ wá wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun wò kó tó lọ síbi iṣẹ́.

“Bàbá Abẹ́rẹ́! Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo... mo ti lo oògùn.”

“Oúnjẹ ni mo bi yín!”

Ó mi orí pé rárá. Nọ́ọ̀sì mú un jókòó, ó sì rán onígbàjámọ̀, tó ti sáré tẹ̀ lé wọn, ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tó ní ṣúgà nínú dáadáa. Bàbá Abẹ́rẹ́ mu ún díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó yá, gbígbọ̀n náà dúró, ojú rẹ̀ sì là. Nọ́ọ̀sì fún un ní búrẹ́dì lé e. Ìgbà tí wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó.

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?”

“Rárá,” ni Bàbá Abẹ́rẹ́ wí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Ìtọ̀ ṣúgà lè sọ ẹsẹ̀ di aláìmọ̀ìrora. Ọgbẹ́ kékeré á wà níbẹ̀, yóò máa jinlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀.” Ó nu gìgísẹ̀ náà, ó dì í. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí tábìlì. “Ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé ẹ kàn ki aṣọ yìí bọ máṣíìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́?”

“Ká má rí i! Mo kọ́kọ́ wọ̀n yín. Mo gé e, mo fi òwú rọra so ó pọ̀ ná, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ibi tó bá fún, mo máa tú u. Ẹ̀yìn ìyẹn ni máṣíìnì.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Aṣọ mi lẹ ṣe gbogbo sùúrù yìí fún, ara yín lẹ wá ki bọ máṣíìnì láìwọ̀n?”

Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Bàbá Abẹ́rẹ́ fọwọ́ nu ojú. “Ó dáa, nọ́ọ̀sì. Ẹ wọ̀n mí.”

“Dókítà ló máa wọ̀n yín. Ẹ lọ bá a kó wo ẹsẹ̀ yín, ọkàn yín, àti oògùn yín. Kí gìgísẹ̀ yìí jinná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ fi súìtì sápò nítorí gbígbọ̀n. Ẹ má sáré, ẹ rìn. Tẹ́ ẹ bá lè sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, ó dáa. Tí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹ ẹsẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ kẹ̀?” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ẹnu wọn ò sinmi rí! A ò ní mọ̀gbà tó máa rẹ̀ wọ́n!”

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó dín oògùn kan kù, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ tí gìgísẹ̀ bá ti jinná. Bàbá Abẹ́rẹ́ ra bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ rìn dé ìyànà, wọ́n padà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ti òkè òkun dé. Nígbà tó yá, wọ́n ń kọjá ìyànà. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń lọ síbi àtẹ̀gùn ọmọ wọn, wọ́n á gun díẹ̀, wọ́n á sinmi, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Tí ara rẹ̀ ò bá gbé e lọ́jọ́ kan, á sinmi, kò ní tijú. Ó sì ń dìde lẹ́nu máṣíìnì lóòrèkóòrè, tí àga fi mọ̀ pé òun nìkan lòun ń dá gbé.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Abẹ́rẹ́ ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù fún ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò já lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó figbe ta. “Dádì!”

Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Òótọ́ ni, imú rẹ̀ ni! Ó yọ fìlà, ó dé e. Fìlà dúró ṣóńṣó lórí, kò wọlé.

“Mo sọ fún yín,” ni ìyàwó rẹ̀ rọra wí.

Bàbá Abẹ́rẹ́ gbé ọmọ fún un, ó yọ abẹ́rẹ́ lọ́rùn aṣọ rẹ̀. “Ṣé télọ̀ lásán lẹ pè mí ni? Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán!” Ó tú u, ó tún un rán lójú ẹsẹ̀, ó dé e. Ó ṣe rẹ́gí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oríkèé ríro gbé, àìsàn ò ní kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ẹ má sì fi eré ìdárayá rọ́pò oògùn. Tẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ wọ bàtà tó gbà yín, ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ yín wò lójoojúmọ́. Tí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tí èémí ò bá délẹ̀, ẹ dúró, kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́ ní kíá. Ẹni tó bá sì dákú, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Àtẹ̀gùn ò ní sá lọ. Ẹ gùn ún díẹ̀díẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé mọ́ra ń dúró dè yín lókè.