Bóà Kì í Wọ Ilé Òjòlá

Ọkùnrin náà ń fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá níbi omi tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, omi sì ti rin gbogbo àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Wiebke ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn ní ọjà ejò ní Dortmund, nílẹ̀ Jámánì. Ejò ló wá wò lọ́jà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára onítọ̀hún mọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ló fa ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ó fẹ́ ra ejò tí yóò máa bá a gbélé, kò sì mọ̀ bóyá bóà, ejò ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni kí òun mú tàbí òjòlá. Wiebke ní òjòlá ni, irú èyí kékeré, torí oníwà pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ṣe ni yóò ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin ọlọ́wọ́ tútù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá. Òjòlá lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ̀yin lẹ ó máa sunkún. Bóà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ oúnjẹ."

"Bóà yín á sì gùn ju àga tí ẹ ń jókòó sí lọ," ni Wiebke dá a lóhùn.

"Èmi lè máa dúró."

Wọ́n jiyàn títí bàbá náà fi lọ ra ìjàpá. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó kúrò níbẹ̀.

Gereon lorúkọ ọkùnrin náà, òrùlé ló ń kàn ní Bochum, níbi tí Wiebke ti ń ta búrẹ́dì. Kí òtútù tó dé, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn. Wọ́n á rìn létí odò Ruhr, wọ́n á jẹ kéèkì ápù, Gereon á bọ́ ìbọ̀wọ́ Wiebke, á fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì tún un wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Gbogbo wa tí a ń sin ejò níhìn-ín la mọ ohun tó fà á. Àìsàn kan wà tí bóà lè gbé sára fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí yóò máa jẹun, tí ara rẹ̀ yóò máa dán. Bí ó bá ran òjòlá, òjòlá á kú. Ọwọ́ lè gbé e, aṣọ lè gbé e, nítorí náà bóà kì í wọ ilé òjòlá, ẹni tó ń sìn ín kì í sì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ ibẹ̀. Frieda, òjòlá Wiebke, ni ohun tí bàbá rẹ̀ rà fún un kẹ́yìn kó tó kú. Ottokar, bóà Gereon, ẹ̀gbẹ́ ààtàn ni wọ́n jù ú sí, Gereon ló gbé e wálé tó tọ́ ọ dàgbà.

Gereon á sin Wiebke dé ìsàlẹ̀ ilé, á máa wo fèrèsé títí iná yóò fi tàn. Wiebke náà á máa wò ó láti òkè. Ó ń wù ú kó gbọ́ ìró bàtà Gereon nínú ilé, kó bá ife tó fi mu kọfí láìfọ̀. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè bóyá ejò ló fẹ́ fẹ́.

Ìrètí kan ló kù: kí dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ Ottokar wò. Bí ó bá mọ́, wọn á jọ máa gbé. Èsì dé, àìsàn náà wà níbẹ̀.

Gereon wá sí ilé búrẹ́dì, ó dúró títí àwọn oníbàárà fi lọ.

"Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, yóò fún Ottokar ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó jí mọ́. Lẹ́yìn náà, a ó jọ máa gbé."

Kò wo ojú Wiebke. Ó yẹ kí Wiebke ní rárá, kò sọ ọ́. Kí á má parọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọkàn rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ fún aṣọ Gereon.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó na ọwọ́ sí Frieda, Frieda sì wé mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bó ti máa ń ṣe. Ó wá bi ara rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n ní kó gbé Frieda lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́? Ó fọwọ́, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sáré wọ ọkọ̀ tíráàmù lọ sọ́dọ̀ dókítà náà.

Ó bá Gereon níwájú ilé dókítà, àpótí Ottokar wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo àpótí náà, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n nínú òtútù. Wiebke dúró lókèèrè.

"Gbé e padà sílé, Gereon."

"Ìwọ ni mo yàn."

"Mo mọ̀. Ẹni tó bọ́ aṣọ bo ejò yìí ni mo fẹ́ fẹ́. Bí o bá wọ ilé yẹn, ẹlòmíì ni yóò jáde wá bá mi."

Gereon sunkún. Wiebke kò lè dì mọ́ ọn nítorí àpótí náà, ó kàn dúró tì í lókèèrè, òun náà ń sunkún.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà tí ewé tún rú. Wọ́n gba ọgbà kékeré kan létí ọ̀nà rélùwéè, irú èyí tí wọ́n ń gbin ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún sí. Gereon tún ahéré inú rẹ̀ kàn. Ejò kankan kì í dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá sùn níbẹ̀ á kọ́kọ́ wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ; bó bá di àárọ̀, kálukú á padà sọ́dọ̀ ejò rẹ̀. Ìyá Wiebke ní òun kò rí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó náà, bí wọ́n ti jókòó nínú ahéré, Wiebke béèrè iye ọdún tí bóà lè lò.

"Ó lè tó ọgbọ̀n," ni Gereon wí. "Ottokar kò tíì dé ìdajì."

Wiebke ro gbogbo àárọ̀ tí wọn yóò máa pínyà lẹ́nu géètì ọgbà yẹn, ó sì dùn ún dọ́kàn. Ó fi orí lé àyà ọkọ rẹ̀.

"Kí Ottokar pẹ́ láyé," ló wí, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá.