Iṣẹ́ Inú Àgbá Ìrèké

"Bí ẹ bá ní kí n má lọ, Bàbá, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi."

Claudinei ò pariwo, ṣùgbọ́n ó ti gbé ṣíbí sílẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà iwájú rẹ̀ sì ti ń tutù. Anésio, bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ń jẹun tirẹ̀ lọ. Àdá ni ọkùnrin náà fi gé ìrèké títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Oṣù kẹrin ti dé, ìkórè ti bẹ̀rẹ̀, òórùn kíkan láti ilé-iṣẹ́ epo ìrèké sì ti gba gbogbo ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ omi ìrèké di epo tí mọ́tò ilẹ̀ Bùràsíìlì ń mu.

"N kò ní kí o má lọ," ni bàbá náà wí. "Mo ní kí o má bá Laércio lọ. Parí ìwé rẹ lọ́dún yìí, kí o ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n kọ́ ọ bí epo yẹn ṣe ń di epo. Lẹ́yìn náà, gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé."

"Ìgbà wo nìyẹn máa tó parí? Wesley ò kọ́ nǹkan kan, ó ti ra ọ̀kadà."

"Ẹni tó bá fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ahọ́n rẹ̀ ni yóò jó."

Laércio ló máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kì í fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ṣe. Ológbò ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ládùúgbò, nítorí o kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó bá ọ nílé.

Lọ́jọ́ kejì, Wesley, ọ̀rẹ́ Claudinei láti kékeré, dúró dè é lórí ọ̀kadà pupa níwájú ilé-ìwé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìwé yẹn ní táyà? Àbí orí ẹ̀ lẹ máa gbé Jucimara ọmọge yín sí lọ wo bọ́ọ̀lù?"

Claudinei rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Kí gan-an lẹ máa ń ṣe níbẹ̀?"

"À ń fọ àgbá. Ìyá mi ti ń fọ ìkòkò kí wọ́n tó bí mi, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní ìwé ẹ̀rí."

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá àgbà ń wo Claudinei bó ṣe ń so okùn bàtà iṣẹ́ láti bá Laércio lọ.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni," ni bàbá náà wí. "Mo ti sọ tèmi." Ó bá wọlé.

Àwọn àgbá náà ga ju ilé lọ. Inú wọn ni omi ìrèké ti ń hó pẹ̀lú ìwúkàrà. Bó ṣe ń hó, ó ń tú afẹ́fẹ́ búburú kan jáde. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo, ojú kò rí i, ìsàlẹ̀ àgbá ló sì máa ń jókòó sí bí omi inú kànga. Nítorí náà ni òfin fi wà pé bí wọ́n bá tú omi inú àgbá jáde tán, kí wọ́n fi fáànù fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì sọ ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́ Claudinei ní èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ìkórè ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni dídúró ṣe ń di ìnira fún Laércio.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fáànù ṣì wà lórí àgbá mìíràn. Laércio yọjú wo inú èyí tó ṣófo.

"Ó ti gbatẹ́gùn tó. Ta ló ń lọ? Àbí obìnrin ni gbogbo yín?"

Wesley ti gun àkàsọ̀. "Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn gbálẹ̀."

Claudinei tó di rọ́bà omi mú fẹ́ sọ pé, "Jẹ́ ká dúró de fáànù." Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó rántí ẹ̀rín tí wọ́n máa fi í rín. Ó gbé e mì.

Wesley dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ.

Claudinei ju rọ́bà nù, ó ki ẹsẹ̀ bọ orí àkàsọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kú ní méjìméjì nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn: ẹnìkan á ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á lọ gbé e. Ọwọ́ kan fa bẹ́líìtì rẹ̀ sẹ́yìn. Marlúcia ni, obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò omi ìrèké.

"Gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè."

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Àǹtí!"

"Mo mọ̀. Tó o bá wọlé, ẹ̀yin méjèèjì ò ní jáde láàyè."

Kò fi í sílẹ̀ títí àwọn adóòlà tó gbé ìgò afẹ́fẹ́ mímí sẹ́yìn fi dé. Nígbà tí wọ́n gbé Wesley jáde, kò sí ojú egbò kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kú.

Laércio kò yọjú síbi àìsùn òkú. Neuza, ìyá Wesley, ló di ọwọ́ Claudinei mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

"Ṣé ẹ̀rù bà á?"

"Rárá, Mà. Ó ń ṣàwàdà ni."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kó wọlé?"

Claudinei wolẹ̀. "Mo mọ̀, Mà."

 Obìnrin náà kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún ìwé ti bọ́ mọ́ Claudinei lọ́wọ́. Ó ti pa ilé-ìwé jẹ jù, àwọn tó kéré sí i ni yóò bá jókòó ní kíláàsì lọ́dún tó ń bọ̀. Bí òun àti bàbá àgbà ṣe ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ó ní, "Bàbá, mo ṣì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ epo náà. Mo fẹ́ ní ìmọ̀ bíi ti Àǹtí Marlúcia."

Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má tan ara rẹ. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n ọ lọ́jọ́ yẹn. O mọ̀, o dákẹ́."

Claudinei sunkún dé ẹnu ọ̀nà ilé, bàbá náà kò sì ní kó dákẹ́.

Iṣẹ́ náà kò burú. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú wọ iṣẹ́ tí kò kọ́, àti ẹni tó rí ewu tó pa ẹnu mọ́ nítorí yẹ̀yẹ́, àwọn méjèèjì ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ ọ́ jáde, bí wọ́n tilẹ̀ fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí ṣì ní ọ̀la. Òkú kò ní ọ̀la.