Ọkọ̀ Tó Tẹ̀ Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ìdí páálí ló kọ́kọ́ já. Igi wẹ́wẹ́, tín-ín-rín bí ọwọ̀, tú ká sórí títì tó tutù. Ọmọbìnrin tó gbé páálí náà dúró láàárín wọn, ó di páálí òfìfo mọ́ àyà, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Awọ ara rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Abájọ tí gbogbo ará ilé wọn fi ń pè é ní Eyínmẹ́nugún.

Alágbàfọ̀ kan ń bọ̀ lódìkejì títì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi: alágbàfọ̀ tí orí rẹ̀ pé kì í gbé aṣọ funfun sílẹ̀. Eléyìí kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé etí gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa igi.

"Ẹ ṣeun o," ni Eyínmẹ́nugún wí. "Ẹ wo aṣọ yín."

"Aṣọ wo?"

Kò purọ́ níbẹ̀ yẹn. Ó ti gbàgbé pé òun kó aṣọ dání. Irọ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó wo àwòrán ara páálí. Ọkọ̀ ojú omi ni, pẹ̀lú òpó mẹ́ta àti ìgbòkun. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá rà á ló máa to igi rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, títí yóò fi di ọkọ̀.

"Bàbá mi ni mo rà á fún. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe, kí ojú wọn tó fọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbàgbé bí ọkọ̀ ṣe rí. Èmi ni mo wá rò pé tí wọ́n bá rí kékeré kan fọwọ́ pa... Ṣùgbọ́n awò ojú ni mò ń tà ní tèmi. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni alágbàfọ̀ wí. "Mo ti to irú ẹ̀ mẹ́ta."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ti kàn rí láyé, ìyá rẹ̀ sì jókòó lé e, ó wó.

Bí páálí ṣe dé ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ nìyẹn, lẹ́yìn tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Ìwé ìtọ́ni wà nínú rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́. Ẹni tó ń ta páálí náà kò jìnnà, ì bá sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ti to mẹ́ta ṣe máa lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń to ọ̀kan? Ojú ń tì í. Àwòrán ara páálí nìkan ló ń wò ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí Eyínmẹ́nugún bá ti ti ṣọ́ọ̀bù awò, á yà wò ó. Alágbàfọ̀ á sáré fi aṣọ bo iṣẹ́ náà.

"A kì í yọjú wo ìyàwó níbi tó ti ń múra."

"Ìyàwó yín yìí mà ń pẹ́ nídìí dígí o."

"Ẹlẹ́wà ni. Àwọn ẹlẹ́wà máa ń pẹ́. Ìgbà wo ni ìwọ gan-an kúrò nílé láàárọ̀ yìí?"

Eyínmẹ́nugún fi àpò lù ú léjìká. Ní ọjọ́ yẹn ni "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó rántí dá a padà.

Ní ti ọkọ̀, alágbàfọ̀ ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Ó ti to eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti gbé ìhà lé e. Ó wá ń rẹ igi pẹlẹbẹ sómi, ó ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dára débi pé kò lè dáwọ́ dúró. Ó lẹ̀ ẹ́ tán pátápátá kó tó yíjú sí òsì. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, igi ọ̀tún fa eegun mọ́ra. Ọkọ̀ tẹ̀, bí ẹni tí ìhà ń dùn.

Ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó dì í mọ́ pákó, kò gbọ́. Níkẹyìn, ó fi ìyẹ̀fun igi dí ibi tó là, ó kun ún ní ọ̀dà búlúù tó ń dán, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Bàbá ò kúkú ríran."

Ọ̀rọ̀ yẹn burú ju ọkọ̀ lọ. Òun náà mọ̀, nítorí pé ó wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan gbọ́ ọ.

Ó gbé e lọ fún bàbá ní yàrá rẹ̀, Eyínmẹ́nugún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó lójú fèrèsé, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Alágbàfọ̀ gbé ọkọ̀ lé e nítan. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé àárín, ó dúró.

Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó rèé tí o máa to ọkọ̀, ọmọ mi?"

"Ìkẹrin nìyí, bàbá."

"Ìkẹrin," ni bàbá wí. Ó gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀, ó fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, bí a ṣe ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. "O ṣé. O ṣeun gan-an."

Alágbàfọ̀ mọ̀ pé bàbá ti mọ̀, ó sì mọ̀ pé bàbá ń bo òun láṣìírí. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọlé.

Eyínmẹ́nugún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Mo rí i nígbà tí wọ́n gbé e sókè. Ó tẹ̀."

Alágbàfọ̀ ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ká ní o sọ pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe, ǹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ká jọ wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n o kùn ún. Afọ́jú ni bàbá mi. Ta lo fẹ́ kó rí ọ̀dà yẹn?"

"Ìwọ ni," ló sọ.

"Má wá síbí mọ́."

Ẹ wá wo alágbàfọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má bàa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù awò. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín gan-an kò dun ọkùnrin yìí tó ìṣeun bàbá. Ká ní bàbá bú u ni, ì bá rí oorun sùn. Ìgbàkígbà tó bá gbé áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ arúgbó tó dúró ní àárín ọkọ̀ ló ń rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn wọn. Eyínmẹ́nugún ló ṣí i, ó sì fẹ́ẹ́ tì í padà. Bàbá sọ̀rọ̀ láti inú ilé.

"Jẹ́ kó wọlé. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ojú ń tì."

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ níwájú àga. "Bàbá, mi ò to ọkọ̀ rí. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ yín ní títì, torí pé ó rẹwà. Èyí tí mo pa fún yín, mi ò ní àwíjàre kankan. Mo ní ẹ ò ríran. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Bàbá yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ kan lo kọ́kọ́ lẹ̀ tán, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọkọ̀ ìkẹrin kì í tẹ̀ báyẹn. Àkọ́kọ́ ló ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ṣe é."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi náà ò fẹ́ fọwọ́ ara mi pa á."

Eyínmẹ́nugún yíjú sí fèrèsé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bàbá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn.

Èéfín omi gbígbóná láti ara áyọ́ọ̀nù tí alágbàfọ̀ sáré lọ gbé wá ló mú gọ́ọ̀mù rọ̀. Wọ́n ṣí igi kúrò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, wọ́n tún eegun nà. Bàbá fi ọmọ rẹ̀ sí òsì, ó fi alágbàfọ̀ sí ọ̀tún.

"Tí ọ̀tún bá lẹ ọ̀kan, kí òsì lẹ ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sáré ju ẹnì kejì lọ."

Ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ti ẹnu Eyínmẹ́nugún jáde ni "Gọ́ọ̀mù." Nígbà tó yá, ó di "Gbé gọ́ọ̀mù wá, jọ̀ọ́." Nígbà tí ìhà ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán, ó wò ó lábẹ́ ojú.

"Ìkẹrin yìí mà ń lọ dáadáa o."

"Ìkarùn-ún ni," ni alágbàfọ̀ wí. Ìgbà yìí ni ẹ̀rín padà dé.

Wọn ò kùn ún. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, bàbá gbé e lé itan, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Kó tó dé ìdí ọkọ̀, alágbàfọ̀ ti sọ̀rọ̀.

"Ó ṣì tẹ̀ díẹ̀ níwájú ibẹ̀ yẹn, bàbá. Ọwọ́ mi ni."

"Mo gbọ́. Kò sí bá a ṣe lè rìn kórí má mì."

Alágbàfọ̀ tún kúnlẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní ọmọ yín kí n fi ṣaya, tí òun náà bá gbà."

Bàbá gbé ojú tí kò ríran sókè. "Ìwọ ńkọ́? Ibo lo ti tẹ̀? Sọ fún mi kí n tó fọwọ́ kàn án."

Alágbàfọ̀ kò wá nǹkan tí yóò fi bò ó. "Tí ojú bá ti ń tì mí, mo máa ń purọ́. Mò ń jáwọ́ níbẹ̀. Kò tíì tán."

"O gbọ́?" ni bàbá bi ọmọ rẹ̀.

"Mo gbọ́. Èmi náà tẹ̀, bàbá. Mo máa ń yára lé èèyàn síta." Ó na ọwọ́ kọjá orí ọkọ̀, ó di ọwọ́ alágbàfọ̀ mú. "Mo gbà á bó ṣe wà."

Bàbá wá ọwọ́ wọn méjèèjì rí lórí igi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún ọkọ̀, títí ó fi dé ọrùn ọwọ́ alágbàfọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró níbì kankan.