Ìka Márùn-ún Nínú Àwo

Ohun tó hù nínú àwo ìwádìí Mùínàt jọ ìka ọwọ́ ènìyàn: mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àtàǹpàkò lọ́tọ̀.

"O ò wọ ìbọ̀wọ́ ni?" Dókítà Adéríbigbé bi í.

"Mo wọ̀ ọ́, sà."

Dorcas, tí wọ́n jọ ń lo tábìlì, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá onírú, àbí o tọ́ ọ wò ni?"

"Tún un ṣe," Dókítà wí. "Bó bá tún rí báyìí, mo máa fún ẹlòmíì láyè rẹ."

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n mú fún ìwádìí náà ní yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́. Kálukú ló mú kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ kóró ìyere di irú wá láti ilé. Inú igbá ìyá ìyá rẹ̀, tó ta irú lọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ títí tó fi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni Mùínàt ti ha tirẹ̀, nígbà tí àwọn àlejò ń kí wọn kú ọ̀fọ̀. Òórùn ọwọ́ màmá àgbà ṣì wà lára igbá náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà dúró tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀kùn àpótí tó ń mú àwo lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Láàárọ̀, ìka márààrún ti wà níbẹ̀. Dókítà gbé ọwọ́ Mùínàt sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Tinú àwo gùn jù ú lọ, ìka tó kéré jù sì wọ́, bíi ti màmá àgbà.

"Ó kúkú lágbára ju ti àwọn yòókù lọ," Dókítà wí. "Àyè rẹ ti dúró."

Ayọ̀ yẹn ò wọ Mùínàt lára. Ó jáde sí Under G lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó pe ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ó jẹ́wọ́.

"Háà! A ò tíì ṣe àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ, o ti fọwọ́ kan ẹrù òkú? Ta ló pín in fún ọ? Gbé e bọ̀ lónìí. Gbogbo rẹ̀ o! Má ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Ọ̀kadà ló gùn padà sí yàrá ìwádìí. Àwo márùn-ún ló bá lórí tábìlì.

"Tàwọn yòókù ò hù," Dókítà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti pín tìrẹ fún wọn."

Dorcas gbójú sókè látorí àwo tirẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àṣàkẹ́," ó pè é jẹ́jẹ́. Màmá àgbà nìkan ló ń fi oríkì yẹn pe Mùínàt láyé.

"Ẹ ti pín mi tán?"